Iná ti lọ láti ọjọ́ Ajé: ínsúlínì ìyá mi ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Katy, ẹ̀bá Houston ní Texas (Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù Keje 2024)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àfaradà o. Ẹni tó bá ti jí, ẹ jọ̀ọ́, kó dá mi lóhùn. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ìjì líle Beryl wọlé niná wa ti lọ, òní di ọjọ́ kẹrin. Màámi tó wá kí wa láti Ìbàdàn ní àtọ̀gbẹ, ínsúlínì, oògùn abẹ́rẹ́ wọn, sì wà nínú fíríìjì tó ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹnẹrétọ̀ rà, ó ní inú gáréèjì lòun máa gbé e sí nítorí olè, pé òun á ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Ṣé ínsúlínì yẹn ṣì dáa? Ṣé ti gáréèjì yẹn bójú mu? Bátìrì fóònù mi ti ku ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n Alief
KÒ BÓJÚ MU! Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ gáréèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́. Nígbà òtútù oṣù Kejì ọdún 2021 tí iná lọ ní Texas, èmi náà sọ ohun tí ọkọ yín ń sọ yìí. Mo ní mo lo I pass my neighbour fọ́dún mẹ́sàn-án ní Mushin, kí ni òyìnbó fẹ́ kọ́ mi? Mo gbé e sí gáréèjì, mo ká ilẹ̀kùn dé ìdajì. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ní orí ń fọ́ òun, lọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì. A rò pé ẹ̀wà alẹ́ ni. Aago kékeré ara ògiri tó ń kéde èéfín, tí mo ti fẹ́ yọ bátìrì rẹ̀ torí ariwo, òun ló jí wa. Owó tí mo san nílé ìwòsàn á ra jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà. Ìta gbangba ni kó wà, ẹsẹ̀ bàtà 20 sílé, kí sàlẹ́ńsà rẹ̀ kẹ̀yìn sí fèrèsé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dallas
Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú o. Ilé Mushin yẹn kò ní kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn kì í gbà wọlé, ti Amẹ́ríkà ni wọ́n dí pa bí agolo. Ìdajì ilẹ̀kùn lẹ ṣí. Tí ọkọ wọn bá ká a sókè pátápátá, tó sì tan fáànù sí i ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Alief
Fáànù wo? Jẹnẹrétọ̀ tó ń pa yín lẹ ó tún fi tan fáànù tó máa gbà yín?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dallas
Mo kàn béèrè ni sà.

Nọ́ọ̀sì Pearland
Má béèrè. Láti ọjọ́ Ajé la ti ń gba àwọn tí èéfín jẹnẹrétọ̀ mú, àwọn míì nínú wọn ṣí gáréèjì gbayawu. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, oorun ló fi ń jọ. Ìyá Ìbejì, ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ igi níta. Ní ti ínsúlínì, èyí tí kò bá wà níbi tó gbóná ju dígírì 86 Fahrenheit lọ lè lo ọjọ́ 28 láìwọ fíríìjì. Mélòó nilé yín báyìí?

Ìyá Ìbejì, Katy
91. Yàrá màámi ni 89.

Nọ́ọ̀sì Pearland
Họ́wù. Ẹ wá yìnyín, ẹ fi táwẹ̀lì nípọn sáàárín. Kò gbọdọ̀ kan yìnyín gan-an o, èyí tó bá dì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Tísà, Atlanta
Ilé ìtajà Walmart ń ta ínsúlínì ti àtijọ́ láìgba ìwé dókítà, nǹkan bíi dọ́là 25 ìgò kan.

Nọ́ọ̀sì Pearland
Kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ti màmá! Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Kí lorúkọ tó wà lára èyí tí wọ́n ń lò? Ẹ dúró, wọ́n ń pè mí, mo ń bọ̀.

Bàbá Sugar Land
Èmi ò fẹ́ gbọ́ ti jẹnẹrétọ̀ mọ́. Ìjì Ìpele Kìíní ni Beryl, Kìíní péré! Mílíọ̀nù 2.2 oníbàárà ni iná lọ mọ́ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìjì ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ṣe irú ẹ̀, igi wó lé wáyà, wọ́n tún wáyà so, wọ́n fi igi tó kù sílẹ̀ de Beryl. Máàpù tí a fi ń mọ ibi tíná wà, láti ìjì yẹn ló ti kú, wọn ò jí i. Ápù àwọn oníbọ́gà, Whataburger, la wá fi ń wo iná: ibi tí ṣọ́ọ̀bù wọn bá pọ́n bí ọsàn, ó ṣí, iná wà níbẹ̀, ibi tó bá di eérú, ẹ kú òkùnkùn. Gómìnà Abbott wà ní Éṣíà lórí ọ̀rọ̀ òwò, igbákejì rẹ̀, Dan Patrick, ló ń delé. Ààrẹ Biden ní òun wá wọn títí lórí ìrànwọ́ ìjì, Patrick ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa ń làágùn, wọ́n ń jiyàn ta ló pe ta. Lẹ́yìn òtútù 2021 tí ìjọba fúnra rẹ̀ ka òkú 246!

Ìyá Cinco Ranch
Bàbá, ẹ rọra, ẹ̀jẹ̀ ríru. Tiyín ṣì dáa, iná ló lọ, ilé ò lọ. Nígbà ìjì Harvey, 2017, omi dé ìgbáròkó mi nínú pálọ̀. A ò ní ìnṣọ́ránsì omi. Wọ́n ní àdúgbò wa ò sí lójú omíyalé, la bá fi owó yẹn ra àga. Kò sẹ́ni tó là á yé wa pé ẹ̀yìn dáàmù Barker nilẹ̀ wa wà, pé tí wọ́n bá ń gba omi dúró, ọ̀dọ̀ wa ló ń dúró sí. Nígbà tí ìjì ti ń bọ̀ lórí òkun ni mo sáré lọ rà á. Wọ́n ní ó di ọjọ́ 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àga ọ̀hún náà bómi lọ. Ẹ̀yin tómi kàn lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó kó ohunkóhun dà nù. Tí lẹ́tà FEMA, àjọ ìjọba tó ń ran ẹni tí àjálù bá lọ́wọ́, bá sì ní ẹ kò yẹ, ẹ má ya á. Ọjọ́ 60 lẹ ní láti fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ìyá Ìbejì, Katy
Ṣé kí n ya ẹran fírísà náà ni? Odindi ewúrẹ́ kan ni, pẹ̀lú pọ̀nmọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dallas
Tí kò bá tíì rùn, ta ló ń ya fọ́tò ẹran? Ẹ yan án!

Tísà, Atlanta
Ọjọ́ mẹ́rin nínú ooru Houston? Ẹ dà á nù o.

Àlàájì Missouri City
Ẹ dúpẹ́ pé wọn ò ní kẹ́ ẹ sá. Ìjì Rita, 2005. Ìjì Katrina ṣẹ̀ṣẹ̀ ba New Orleans jẹ́, kò tíì poṣù kan, ẹ̀rù ba gbogbo wa. Èèyàn tó ju mílíọ̀nù 2 lọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Dallas tí ń gba wákàtí mẹ́rin, wákàtí 19 ni mo lò lórí òpópónà I-45. Mo pa ẹ́sì kí epo má tán, epo tán náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dallas
Ẹ sì tún padà síbẹ̀, Àlàájì. Ẹ ti dé ìlú tó dáa, ẹ ṣẹ́rí padà sẹ́nu òkun.

Bàbá Sugar Land
Dallas dà? Ìlú tí ẹ ti ń wá ra ẹja ní òpópónà Bissonnet lọ́dọ̀ wa!

Àdúkẹ́, Peckham
London ò ní ìjì, iná kì í lọ, ọjà Rye Lane sì wà ní ìtòsí. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n Alief
Àdúkẹ́, gáréèjì tí à ń jà lé lórí yìí tóbi ju ilé tí ò ń gbé lọ.

Àdúkẹ́, Peckham
Ẹ̀gbọ́n! Ẹ kò níná, ẹ ṣì ń bú èèyàn 😂

Ìyá Ìbejì, Katy
Ọkọ mi ti gbé e jáde o, ó ń kùn, ó ní olè ló máa lò ó. Màámi ò tilẹ̀ dààmú. Wọ́n ní ní Bódìjà, Band A làwọn wà, àwọn máa ń ní iná wákàtí ogún, pé kí la ní ká wá fi hàn wọ́n ní Amẹ́ríkà? Wọ́n ti kó ìkòkò amọ̀ tí mo fi gbin òdòdó, wọ́n da òdòdó nù, wọ́n ki kékeré bọ inú ńlá, wọ́n fi iyanrìn tútù sí àárín, wọ́n gbé ínsúlínì sínú kékeré. Wọ́n ní àmù ìyá àwọn ní Òkè-Àdó kì í gbóná.

Àlàájì Missouri City
Omi àmù! Pẹ̀lú ife páànù tó máa ń so mọ́ ọn. Ẹnu mi ń pòùngbẹ ẹ.

Ìyá Cinco Ranch
Ilẹ̀ tútù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa ní Ìsẹ́yìn ni mo ń rò látàná. Èèyàn á kàn na ara sílẹ̀.

Bàbá Sugar Land
Ó TI DÉ! Ó TI DÉ O! Àwọn ọmọ mi ti ń pariwo Up NEPA, àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó wà nílé kejì náà ń gbè é.

Ìyá Ìbejì, Katy
Ẹ kú oríire, Bàbá. Nínú ìkòkò náà ti di 84. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta tó ti fi wà nínú ooru ṣáájú ńkọ́? Ṣé nọ́ọ̀sì yẹn ti padà wá?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dallas
Kò tíì dé mà. Ewúrẹ́ ńkọ́?