Omi ń yọ lẹ́yìn ìsédò àdúgbò wa

Bàbá Ìbejì, Georgia
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àsìkò yìí. Adágún kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa níbí. Amọ̀ ni wọ́n kó jọ fi sé omi náà, ó ti tó ọgọ́ta ọdún. Kò ga ju ilé alájà kan lọ. A kì í mu omi rẹ̀. Ẹja pípa àti ọkọ̀ wíwà la ń bá débẹ̀, àwa ẹgbẹ́ onílé la sì ń dáwó tọ́jú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, bàtà Kẹ́hìndé rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn òkìtì náà, níbi tí kò yẹ kí omi dé. Òjò ò rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Alága wa ní bó ṣe ń rí láti ọjọ́ táláyé ti dáyé nìyẹn. Igi páìnì ńláńlá ti hù sórí òkìtì yẹn, ilé mẹ́rin sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Dáàmù yìí ti ń dà mí láàmú. Àbí àṣejù ni mo ń ṣe?

Ìyá Ẹnjiníà
Bàbá Ìbejì, ẹ ò ṣàṣejù rárá. Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni mo ń rìn lórí rẹ̀ jẹun. Gbogbo wọn ló ń làágùn díẹ̀. Àwọ̀ òógùn náà ni kí ẹ bá mi wò. Ẹ bu omi yẹn sínú ìgò funfun, kí ó tòrò di ọjọ́ kejì. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá kù nísàlẹ̀, a jẹ́ pé omi ti ń ru inú òkìtì jáde nìyẹn, ihò á sì máa fẹ̀ sí i. Ẹ má dúró de ìpàdé, ẹ pe àwọn ìjọba tó ń rí sí ìsédò, kí ẹ sì sọ fún ilé mẹ́rin yẹn. Bó bá mọ́, ẹ ri igi mọ́lẹ̀ yí ibi tó tutù ká, kí ẹ lè mọ̀ bó bá ń gbòòrò.

Ẹ wo páìpù abẹ́ rẹ̀ náà. Irin ayé ọjọ́un ti máa dípẹtà. Ẹ wá ihò muskrat, ẹran kan bí òkété. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú igi kankan fúnra yín o! Ibi tí gbòǹgbò bá fi sílẹ̀, omi á gbà á.

Ará Atlanta
Ṣé alága yín ò gbọ́ ti Toccoa ni? Georgia yìí kan náà ni. Iná mànàmáná ni wọ́n ń fi ìsédò Kelly Barnes ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa á tì ní 1957, ó di ibi ìgbafẹ́. Lóru ọjọ́ 6, oṣù kọkànlá, 1977, lẹ́yìn òjò ńlá, ó já lu kọ́lẹ́ẹ̀jì Bíbélì tó wà nísàlẹ̀. Èèyàn 39 ló bá a lọ. Ọdún kejì ni ìpínlẹ̀ tó ṣòfin ìsédò.

Bàbá Ìbejì, Georgia
Orí fìríìjì ni mo gbé ìgò náà sí. Láàárọ̀ yìí, erùpẹ̀ pupa ti silẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ó nípọn tó ìka kan. Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn á dé lọ́sàn-án. Mo gbé ìgò náà lọ bá alága. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wọ bàtà òjò rẹ̀, a jọ lọ kan ilẹ̀kùn ilé àkọ́kọ́.