Vaseline àbí lọ́fíńdà olóróró: èwo ni kí n lò?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ forí jì mí tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Eau de toilette (irú lọ́fíńdà tí òórùn rẹ̀ kò lágbára púpọ̀) ni lọ́fíńdà mi, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló ní, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn níbí. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti pòórá lára mi. Mo mọ̀ pé ọtí inú rẹ̀ máa ń tètè gbẹ nínú ooru, àti pé irú òórùn ọsàn bẹ́ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Mo wá rí i lórí TikTok pé kéèyàn fi Vaseline pa ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn etí kó tó fín in. Mo dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́ lóòótọ́, torí òórùn náà ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ mi nírọ̀lẹ́. Àmọ́ eruku máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń ba kọ́là aṣọ mi jẹ́. Mo fi ìpara tí kò lóòórùn dípò rẹ̀. Kò ba aṣọ jẹ́, ṣùgbọ́n kò dá òórùn dúró tó Vaseline. Mi ò fẹ́ fín in sára aṣọ nítorí àbààwọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra lọ́fíńdà olóróró, èyí tí kò ní ọtí nínú, ní Sábó, kí n máa fi sábẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé òórùn méjèèjì lè máa bá ara wọn jà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo méjèèjì nínú irú ooru yìí, èwo ni kí n dì mú?

Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dá mi lóhùn.