Ọmọ Okun tí kò rí òkun rí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Kabba, Kubwa

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Fisíìsì ni mo kà ní yunifásítì, mo ti sin ìjọba tán, iléèwé girama aládàáni kan ní Kubwa ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. Mo fẹ́ lọ kọ́ nípa bí omi òkun ṣe ń ṣàn àti bí ìró ṣe ń rìn nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, mi ò fojú kan òkun rí. Omi tó pọ̀ jù tí mo rí ni ti Lokoja, níbi tí Odò Ọya àti Benue ti pàdé.

Oṣù kẹta 2024 ló kó bá mi. Ẹ rántí ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dákú, tí báńkì ò ṣiṣẹ́? Owó màmá mi há sọ́nà. Wọ́n ní àwọn wáyà tó gba ìsàlẹ̀ òkun ló já nítòsí Abidjan, pé ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló yẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mo kà pé ní 1929, ilẹ̀ mì lójú òkun Kánádà, ẹrẹ̀ àti yanrìn ya lulẹ̀ nínú omi bí àgbàrá òjò, wáyà tẹligíráàmù méjìlá sì já. Àwọn tó wà lókèèrè já ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, àsìkò tí wọ́n já ni àwọn onímọ̀ fi ṣírò eré tí ẹrẹ̀ náà sá. Láti ọjọ́ yẹn, ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Okun tí à ń kí ara wa ní Kabba, o rò pé òkun ni?" Wọ́n ti bá mi wá iṣẹ́ ìjọba kan, oṣù tó ń bọ̀ ni kí n wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí mi pé? Ẹ̀ka wo ni kí n sì lọ: fisíìsì, ìṣirò, ẹ̀rọ, àbí ìmọ̀ òkun gan-an?

Ìyá Ìbejì, Gwarinpa

Àbúrò, ṣé o mọ lúwẹ̀ẹ́? Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Lokoja

Iṣẹ́ odò ni mò ń ṣe. Ohun tó o fẹ́ lọ wá lókè òkun, òun la fi ń jẹun níbí. Tá a bá fẹ́ mọ bí omi ṣe pọ̀ tó tó ń kọjá, a máa ń so ẹ̀rọ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Á máa fi ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́ ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Ìró yẹn á kọlu ẹrẹ̀ wẹ́wẹ́ tí omi ń gbé lọ, á padà wá. Bí ẹrẹ̀ náà bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ohùn tó padà á ga díẹ̀. Bó bá ń lọ, á wálẹ̀, bíi ti fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá tó sáré kọjá lára ẹni. Ibẹ̀ la ti ń mọ eré omi láti òkè dé ìsàlẹ̀ odò. Ìṣàn omi àti ìró lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, láìrí òkun. Ẹni tó wà ní Lokoja ní 2012 àti 2022, nígbà omíyalé, ò ní bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe.

Wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé kan. Ọ̀nà Abaji ni kó o gbàdúrà sí, kì í ṣe omi.

Tíṣà Zaria

Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé orí adágún ni wọ́n ti kọ́kọ́ wọn eré ìró nínú omi dáadáa, adágún Geneva, ní Swítsàlandì tí kò ní òkun. 1826 ni. Onímọ̀ méjì, Colladon àti Sturm, rọ agogo sínú omi láti inú ọkọ̀ kan lóru. Bí agogo ṣe ń dún ni ẹ̀tù ń gbiná lókè, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kejì, ní bíi kìlómítà 13 síbẹ̀, lè rí ìmọ́lẹ̀. Onítọ̀hún ti ki ọ̀pá gígùn bọ omi, ó fi etí tì í, ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Mítà 1,435 ní àáyá kan ni wọ́n rí, nínú omi tó tutù tó 8°C. Nínú afẹ́fẹ́, bíi 340 péré ni.

Ti omi òkun ń lọ sí 1,500, àmọ́ kì í dúró lójú kan. Omi gbígbóná ń mú kí ìró yára, omi tútù ń fà á sẹ́yìn. Bó o ti ń sọ̀kalẹ̀, omi ń tutù, eré ń dínkù. Tó bá yá, òtútù ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́, ṣùgbọ́n ẹrù omi tó wà lókè ń tẹ tìsàlẹ̀, eré tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Láàárín méjèèjì, ní bíi kìlómítà kan sísàlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, ni eré ti kéré jù. Ìró a sì máa tẹ̀ síbi tí eré rẹ̀ ti kéré: ó fẹ́ gòkè, ó tẹ̀ padà, ó fẹ́ wọlẹ̀, ó tẹ̀ padà. Ó há síbẹ̀ bí omi inú gọ́tà. Onímọ̀ òkun méjì, Ewing àti Worzel, dán an wò ní 1944, wọ́n yin àdó kékeré nínú omi, wọ́n gbọ́ ọ ní ibi tó ju kìlómítà 1,400 lọ. Ewing yìí kan náà, òun àti Heezen, ló ṣírò eré ẹrẹ̀ 1929 tó o sọ yẹn, ní 1952. Kì í ṣe ìwọ nìkan ni nǹkan méjèèjì jọ mú.

Ní ti ẹ̀ka, má wo orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wo ẹni tó máa kọ́ ẹ. Ìṣirò ni wàhálà. Ìṣirò Navier-Stokes tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ìṣàn omi, wọ́n ti fi mílíọ̀nù kan dọ́là lé e láti 2000 fún ẹni tó bá lè tú ìdí rẹ̀, owó náà ṣì wà ńlẹ̀. Bó o bá ti gbàgbé ìṣirò Fourier, tí wọ́n fi ń tú ìgbì sí wẹ́wẹ́, padà síbẹ̀ kó o tó dárúkọ físà. Kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, náà.

Àyàn Bwari

Ọmọ onílù ni mí o, ẹ má bínú. Bí mo bá fún ọsán gángan, ohùn á lọ sókè. Ṣé bí omi ṣe ń tẹ ìró nìyẹn?

Tíṣà Zaria

Ó jọ ọ́, kì í ṣe òun. Tó o bá fún ọsán, awọ á le, ìgbì orí awọ á yára, awọ ò sì fẹ̀ sí i, ni ohùn fi ga. Nínú òkun, eré ìró ló ń yí padà, kì í ṣe ohùn. Ohùn tó wọ ibẹ̀ ní dò ò ní di mí. Ìbéèrè yìí sàn ju ti àwọn ọmọ ọdún kẹta mi lọ, mo fi Ọlọ́run búra.

Alhaji Ọ̀ffà, Birnin Kebbi

Àwọn ará Argungu ti ń lo ìmọ̀ yìí tipẹ́. Lọ́jọ́ ọdún ẹja, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń lu ìlù, tí wọ́n ń mi igbá ńlá tí èso wà nínú rẹ̀, kí ẹja lè sá wá síbi tí omi ò jìn. Fisíìsì dà?

Ọmọ Ìlọrin, Southampton

Ibí ni mo ti kàwé. Yunifásítì yìí ní ibùdó ìwádìí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìró àti gbígbọ̀n, ISVR ni wọ́n ń pè é. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì MIT àti ibùdó ìwádìí òkun Woods Hole jọ ń kọ́ àwọn tó ń ṣe PhD. Kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ, sọ ìtàn wáyà yẹn fún un bó o ṣe sọ ọ́ níbí gẹ́lẹ́. Má fún alágbàtà ní kọ́bọ̀. Ọ̀kan jẹ owó mi mọ́lẹ̀ l'Abuja, títí dòní "fáìlì ṣì ń lọ".

Wo ti PTDF náà, àjọ ìjọba tó ń fi owó epo rán àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ kàwé. Àwọn tó ń wá epo lójú òkun máa ń wọ́ okùn gígùn tí wọ́n to ẹ̀rọ agbóhùn inú omi sí tẹ̀lé ọkọ̀ wọn, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ní báyìí ná, gba iṣẹ́ ìjọba yẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì ò ní já bọ́ látòkè.

Ìyá Ìbejì, Gwarinpa

Mi ò fara mọ́ ìyẹn o. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á "ní báyìí ná" ní 2009. Ó ṣì wà lórí àga yẹn, àga ọ̀hún ti kán lẹ́sẹ̀ kan.

Ọmọ Kabba, Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Lánàá, mo tú ike pẹlẹbẹ inú aago àláàmù kan tó ti bàjẹ́, mo yọ abala kékeré tó máa ń ké, mo jó wáyà mọ́ ọn, mo fi àbẹ́là yíyọ́ dì í. Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù omi lẹ́yìnkùlé, mo so ó mọ́ fóònù. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ni mo ń gbọ́ nínú omi! Bàbá mi tó ń rẹ́rìn-ín ní kí n gbé fóònù wá kí àwọn náà gbọ́. Wọ́n gbọ́ ọ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn ò sọ nǹkan kan.

Màá wọṣẹ́ ìjọba náà, ọdún méjì péré. Mo ti kọ ọ́ sára ògiri kí àga má bàa mú mi. Ẹ̀gbọ́n Lokoja, mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ìyá Ìbejì, mi ò mọ lúwẹ̀ẹ́.

Ìyá Ìbejì, Gwarinpa

Mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n Lokoja, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì fún un kó tó gun ọkọ̀ o.