Àwo gbígbóná ń yin aṣọ C, ẹni tó wọ̀ ọ́ ń gbọ̀n: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Olówùú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ kan ti sú mi, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Èmi ni wọ́n ní kí n yan aṣọ tí a ó fi rán jákẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù líle, tí kò sì ní wúwo lọ́rùn wọn. Mẹ́ta ló kù lórí tábìlì mi. Onípele ni gbogbo wọn: náílọ́nù tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ló wà lóde, òwú pólísítà wà láàárín, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú. Òwú A jẹ́ èyí tí fọ́nrán rẹ̀ ní ihò nínú bíi fèrè, gíráàmù 150 lórí mítà kan níbùú lóròó. Fọ́nrán ti B tín-ín-rín gan-an, gíráàmù 170. C ló fúyẹ́ jù, gíráàmù 120 péré, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ́ ọ̀rá dídán bíi fàdákà sáàárín òwú tirẹ̀, kí ó lè máa dá ìtànṣán ooru padà sí ara.

Mo gbé wọn lé àwo gbígbóná bí ISO 11092, ìlànà àgbáyé fún wíwọn bí aṣọ ṣe ń dènà ooru àti oru omi, ṣe là á kalẹ̀: àwo wà ní 35°C, afẹ́fẹ́ wà ní 20°C, ọ̀rinrin inú rẹ̀ jẹ́ 65%, ó sì ń fẹ́ kọjá lórí aṣọ ní mítà kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdènà ooru tí mo rí kà, tó jẹ́ pé bó bá ṣe ga tó ló ṣe dára tó, ni A 0.25, B 0.27, C 0.30 m²·K/W. Inú mi dùn. Aṣọ tó fúyẹ́ jù ló tún ń dá ooru dúró jù! Nínípọn C jẹ́ mìlímítà 6.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan rán jákẹ́ẹ̀tì, èèyàn mẹ́ta wọ̀ wọ́n wọ yàrá òtútù tó wà ní −20°C. Wọ́n rìn lórí ẹ̀rọ fún 40 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà wọ́n jókòó fún 20. Wọn ò tíì jókòó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹni tó wọ C fi ń pariwo pé ẹ̀yìn òun ti ń dì. Ẹni tó wọ A ní tirẹ̀ jókòó bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ara rẹ̀.

Ṣé òtútù yẹn ló ba òwú C jẹ́ ni, àbí ẹ̀rọ mi ló ń purọ́?

Amúwọ̀n

Àbúrò, ẹ̀rọ rẹ ò purọ́. Ohun tí o bi í ló dá ọ lóhùn.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ nọ́ńbà rẹ wò. Mìlímítà 6 jẹ́ mítà 0.006. Fi 0.30 pín in, wàá rí 0.020 W/m·K, ìyẹn bí òwú náà ṣe ń gbé ooru kọjá tó; èyí tó bá kéré ló dára. Afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́, tí kò mira rárá, ń gbé ooru kọjá ní nǹkan bí 0.025. Afẹ́fẹ́ tó há sínú òwú ló ń ṣe iṣẹ́ náà, fọ́nrán kàn ń dì í mú kí ó má rìn ni. Báwo ni òwú ṣe wá fẹ́ dára ju afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lọ? Ọ̀rá dídán náà ò lè ṣe é, nítorí ìtànṣán nìkan ló lè dá padà. Nínú ohun tí a ń tẹ́ sínú aṣọ, aerogel, ohun líle fúyẹ́fúyẹ́ tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, ni mo mọ̀ tó ń kọjá ààlà yẹn, torí pé ihò inú rẹ̀ kéré débi pé mólékù afẹ́fẹ́ ń kọ lu ògiri kí wọ́n tó ráyè kọ lu ara wọn. Samuel Kistler ló kọ́kọ́ ṣe é, ní 1931, ó sì ń yọ ìyẹ̀fun sí gbogbo ara mi títí dòní. O ò sọ pé aerogel wà nínú C, nítorí náà nọ́ńbà rẹ ti ga jù.

Ibi méjì ni mo fura sí. Ṣé o wọn àwo lásán kí o tó gbé aṣọ lé e? Afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ ní ìdènà tirẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ti aṣọ, yíyọ là ń yọ ọ́. Lórí ẹ̀rọ tèmi, nǹkan bí 0.06 ni. Ìkejì, kí lo fi wọn nínípọn? Bó bá jẹ́ irinṣẹ́ tí a fi ń wọn aṣọ híhun ni, tó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú 1 kPa, bí ìgbà tí o da omi jíjìn sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lé òwú lórí ni. Ó máa pẹlẹbẹ.

Bákan náà, gé aṣọ rẹ kí ó tóbi ju ojú àwo lọ. Aṣọ tó bá ti nípọn ju mìlímítà 5 lọ, ooru máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá jáde. Jẹ́ kí ó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ìlọ́po méjì nínípọn rẹ̀, ó kéré tán.

Ní ti −20, òtútù kọ́. Afẹ́fẹ́ tútù kì í tilẹ̀ gbé ooru kọjá tó èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Olówùú

Ẹ̀gbọ́n, ojú tì mí. Mi ò yọ ti àwo lásán. Mo padà lọ wọ̀n ọ́n, 0.06 náà ni tèmi. A wá di 0.19, B 0.21, C 0.24. Irinṣẹ́ aṣọ híhun ni mo sì fi wọn nínípọn lóòótọ́. Nígbà tí mo lo èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú 0.02 kPa, C di mìlímítà 9. Mo pín in, ó fún mi ní 0.0375. Ó ti wá jọ òwú báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, C ṣì ń ṣíwájú! Tí mo bá fi 0.155 pín 0.24 kí n lè rí i ní clo, òṣùwọ̀n tí a fi ń sọ bí aṣọ ṣe ń dá ooru dúró tó, ó jẹ́ 1.55, nígbà tí A jẹ́ 1.23. Kí ló wá dé tí ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn fi ń dì?

Aránṣọ

Ẹ jẹ́ kí èmi tó ń rán an sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin ará ẹ̀rọ, aṣọ pẹlẹbẹ lẹ máa ń wọ̀n. Ènìyàn ò pẹlẹbẹ.

Ìlà abẹ́rẹ́ mélòó ló gba ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì yẹn kọjá? Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà, òwú mìlímítà 9 á di ọ̀kan tàbí méjì níbẹ̀, ojú ọ̀nà ni fún ooru. Ejìká tí nǹkan tẹ̀, ìgúnpá tó ká, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ gé aṣọ tó ní ìlà abẹ́rẹ́ nínú, kí ẹ gbé òun náà lé àwo yín.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń kọ mí lóminú jù. Ọ̀rá tẹ́ ẹ ní wọ́n tẹ́ sáàárín un, ṣé ó ní ihò? Ọ̀rá lásán ni bí ò bá ní ihò, bó ti wù kó dán tó. Ẹni tó rìn fún 40 ìṣẹ́jú ti làágùn. Níbo ni òógùn yẹn gbà? Mo rántí ṣòkòtò kan tí a rán nígbà kan, nígbà tí wọ́n bọ́ ọ tán tí mo gbá a mú, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi bíi bébà. Yìnyín ló wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi jákẹ́ẹ̀tì ìdánwò sílẹ̀ láìgbé e lé òṣùwọ̀n kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́ ọ.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹnì kan, jákẹ́ẹ̀tì kan, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ọkùnrin yẹn gan-an ni òtútù máa ń tètè mú? Kí ẹni kọ̀ọ̀kan wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ má sì sọ èyí tó jẹ́ fún wọn.

Olówùú

Ọjọ́ mọ́kànlá rè é, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án la wọ yàrá òtútù: èèyàn mẹ́ta, jákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, mo sì fi aṣọ bo àmì ara wọn. Òṣùwọ̀n kò jẹ́ kí n sùn. Ní ìpíndọ́gba, A fi gíráàmù 31 wúwo sí i, B fi 38, C fi 96. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ráhùn nípa C, kì í ṣe ọkùnrin yẹn nìkan. Kò sẹ́ni tó ráhùn nígbà tí wọ́n ń rìn o, àfi ìgbà tí wọ́n jókòó.

Mo tú ẹ̀yìn C kan. Yìnyín wínníwínní bí iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀rá náà, ní apá tó kọjú sí ara. Apá kejì gbẹ táútáú. Ìlà abẹ́rẹ́ tí Anti Aránṣọ sọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà kan náà ló wà lára A àti B.

Ṣé kí n gbé aṣọ tútù náà lé àwo kí n lè mọ iye tí ó ti pàdánù?

Amúwọ̀n

Má dán an wò. Omi á máa gbẹ lórí àwo, ooru tó fi ń gbẹ á sì dà bíi pé aṣọ ló jẹ́ kó kọjá. O ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti èwo mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Oru òógùn kúrò lára, ó gba inú òwú kọjá, ó dé ọ̀rá, ọ̀nà dí. Ọ̀rá sì ti tutù nítorí pé àárín ló wà, ìdajì òwú wà láàárín òun àti ara. Oru di omi níbẹ̀, omi di yìnyín. Omi ń gbé ooru kọjá ní nǹkan bí 0.6, ìyẹn ju ìlọ́po ogún ti afẹ́fẹ́ lọ, yìnyín sì tún burú ju omi lọ. Èyí tó bá sì tún padà di oru, gíráàmù kọ̀ọ̀kan á gba nǹkan bíi júùlù 2,400 lọ́wọ́ ara. Nígbà tí wọ́n ń rìn, ara ń pèsè ooru tó láti san gbèsè yẹn. Wọ́n jókòó, ooru ara já wálẹ̀, omi sì ṣì wà níbẹ̀.

Apá kejì ISO 11092 ni kí o ṣe, èyí tí a fi ń wọn bí aṣọ ṣe ń dènà oru omi, Ret. Àwo 35°C, afẹ́fẹ́ náà 35°C, ọ̀rinrin 40%. Torí pé ooru méjèèjì bára mu, gbígbẹ omi nìkan ló máa ku fún ẹ̀rọ láti wọ̀n.

Má sì rò pé mánníkìn, ère ènìyàn tí a ń mú gbóná láti fi wọn aṣọ, á gbà ọ́ sílẹ̀. EN 342, ìlànà Yúróòpù fún aṣọ òtútù, tó wà fún ibi tó tutù ju −5°C lọ, gbogbo ẹ̀wù pátá ló fẹ́ kí a wọ̀n lára mánníkìn, ní ìlànà ISO 15831. Ó dára, ó ń gbé ẹsẹ̀ ó ń gbé ọwọ́, á sì bá ọ rí ìlà abẹ́rẹ́ àti ejìká. Ṣùgbọ́n kì í làágùn. Òun náà á yin C fún ọ.

Tútù-nini

Ẹ má tíì ju C nù o. Ẹni tó jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí kì í làágùn, C lè dára fún un ju A lọ. Iṣẹ́ wo ni àwọn èèyàn yín ń ṣe gan-an?

Olówùú

Wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n ń dúró, wọ́n tún ń ru ẹrù. Gẹ́gẹ́ bíi 40 àti 20 tí mo lò yẹn.

Mo ti ṣe Ret. A àti B fún mi ní nọ́ńbà tó ṣe é kọ sílẹ̀. Ní ti C, oru tó ráyè kọjá kéré débi pé ẹ̀rọ ò rí nǹkan gidi kan kà. Mo pe ẹni tó ń ṣe é, mo ní kí ó lu ọ̀rá náà ní ihò wínníwínní kó tó tẹ́ ẹ. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ooru tó ń dá padà á dín kù, pé 0.24 mi á wálẹ̀. Mo ní mo mọ̀.