Ṣé fíforúkọ ìbọn sílẹ̀ tako ẹ̀tọ́ ẹni láti ní ìbọn?

Ọmọ Ọjà-Ọba:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àríyànjiyàn kan ń lọ nídìí àwọn oníwèé ìròyìn ní Ọláìyá, ní Òṣogbo níbí, kò sì tíì parí. Àwọn kan ní bí òfin bá ní kí èèyàn lọ forúkọ ìbọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ìyẹn ti tako ẹ̀tọ́ tí òfin fún un láti ní ìbọn. Àwọn kejì ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ní Nàìjíríà rárá. Ta ló jàre? Ọdẹ tó ní ṣakabùlà ńkọ́, ṣé òun náà gbọ́dọ̀ gbàwé? Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá fi sílẹ̀ lókè àjà, tí bàbá sì ní ìwé rẹ̀ kó tó kú, ṣé àwọn ọmọ kàn lè máa lò ó lọ?

Lọ́yà Òkè-Fíà:
Àwọn kejì ló jàre. Orí kẹrin ìwé òfin ọdún 1999, láti abala 33 dé 46, ni wọ́n to ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sí. Ẹ kà á láti òkè délẹ̀, ẹ ò ní bá ìbọn níbẹ̀. Abala 33(2)(a) ni àwọn èèyàn sábà máa ń fà yọ. Ohun tó sọ ni pé bí ẹnìkan bá kú nítorí agbára tí ẹlòmíì lò láti gba ara rẹ̀ tàbí dúkìá rẹ̀ lọ́wọ́ oníwà ipá, tí agbára náà kò sì ju bó ṣe yẹ lọ, a ò ní ka ìyẹn sí pé ó du olóògbé ní ẹ̀tọ́ sí ìyè. Àwíjàre nílé ẹjọ́ nìyẹn, kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti lọ ra ìbọn. Ẹni tó fi ìbọn tí kò níwèé gba ara rẹ̀ lè bọ́ nínú ẹjọ́ ìpànìyàn, kó wá kó sínú ẹjọ́ ìbọn.

Òfin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni òfin ìbọn ọdún 1959, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín ìbọn sí. Ìpín kìn-ín-ní ni àwọn tó jẹ́ èèwọ̀: ìbọn arọ̀jò-ọta, ráífù ológun, àti ìbọn ìléwọ́ gbogbo. Àṣẹ Ààrẹ nìkan ló lè mú un wá sọ́wọ́ èèyàn, ẹni tí wọ́n bá sì bá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìgbàṣẹ, ó kéré tán ọdún 10 ni. Ìpín kejì ni ti ara ẹni: ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ń fi katiríìjì sí, ráífù ìdẹgbẹ́ tí kì í ṣe oníwọ̀n ti ológun, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ọ̀gá àgbà pátápátá ọlọ́pàá ló ń fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ìpín kẹta ni ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu, ṣakabùlà wà níbẹ̀. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ọdẹ gbọ́dọ̀ gbàwé. Ìwé tirẹ̀ yàtọ̀ ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pump action, ìbọn tí wọ́n ń fọwọ́ fà síwá sẹ́yìn kí ọta mìíràn tó wọlé. Wọ́n á ní ìbọn ọdẹ ṣáà ni. Ìpín kejì yọ ìbọn tó bá ní ẹ̀rọ èyíkéyìí tó ń ti ọta mìíràn wọlé kúrò, ohun tí kò bá sì sí nínú ìpín kejì àti ìkẹta, ìpín kìn-ín-ní ló ń lọ. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n ọdún 10 nìyẹn o, ẹ má fi ṣeré.

Wọn ò ní fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ọ̀ṣun lọ yí i padà. Ìbọn wà ní nọ́ńbà kejì lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ohun tó ń fa awuyewuye lórí ìbọn tí Àmọ̀tẹ́kùn lè gbé náà nìyẹn láti ọdún 2020.

Tísà Àgbà:
Ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ Lọ́yà. Amẹ́ríkà ni gbólóhùn “ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn” yẹn ti wọ fóònù àwọn ọmọ wa. Ó wà nínú àtúnṣe kejì sí ìwé òfin wọn, ọdún 1791. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún pàápàá, ẹ̀tọ́ náà kò pa ìforúkọsílẹ̀ rẹ́.

Ẹ wo ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Heller. Ọdún 2008 ni ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ sọ, pẹ̀lú adájọ́ 5 sí 4, pé olú-ìlú wọn, Washington, kò lè fòfin de ìbọn ìléwọ́ nínú ilé onílé. Ìlú náà wá gbé òfin ìforúkọsílẹ̀ tuntun jáde, Heller sì tún gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní 2011, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní fíforúkọ ìbọn ìléwọ́ sílẹ̀ lásán kò tako ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 2015 ni wọ́n wá yọ òkúta inú ìrẹsì: wọ́n ní ìlú lè gba ìtẹ̀ka àti fọ́tò, ó lè ní kí oníbọn yọjú fúnra rẹ̀, ó sì lè gba owó fọ́ọ̀mù. Wọ́n fagi lé pé kó máa tún un forúkọ sílẹ̀ lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta, pé kó gbé ìbọn náà wá, àti pé ìbọn ìléwọ́ kan péré ló lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lóṣù. Ohun tó wúlò ní tiwa nínú rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń bi í: kí ni ìnira yìí ń ṣe fún ààbò ìlú? Bí kò bá ṣe nǹkan kan, wọ́n á gé e.

Àwọn tó ń bẹ̀rù ìforúkọsílẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ẹ̀rù wọn ni pé ìwé tí ìjọba fi mọ ilé tí ìbọn wà náà ni yóò fi mọ ilé tí yóò ti kó o. Ìdí nìyẹn tí òfin 1986 fi ní ìjọba àpapọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ kó orúkọ gbogbo oníbọn jọ sójú kan. Ọwọ́ ẹni tó ta ìbọn ni fọ́ọ̀mù máa ń wà.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, òfin yín dára, ṣùgbọ́n ara irin ni ọ̀rọ̀ ń bẹ. Nọ́ńbà ara ìbọn ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣakabùlà tí wọ́n rọ nílé arọ kò ní nọ́ńbà. Ẹni méjì lè ní ìbọn tó jọra bí ìbejì, kí ìwé kan ṣoṣo sì máa yí láàárín àwọn méjèèjì. Bí ìlú bá fẹ́ kí ìwé ọdẹ ní láárí, àfi kí wọ́n lu nọ́ńbà sára irin náà níwájú ẹni tó ń kọ ìwé.

Ti ẹlẹ́nu méjì, ẹ ṣí i bí ìgbà tí ẹ fẹ́ fi katiríìjì sí i. Nọ́ńbà sábà máa ń wà níbi mẹ́ta: ní abẹ́ ẹnu ìbọn lápá ìdí, lára irin àárín tó ń di ìdí ẹnu mú, àti nínú irin abẹ́ igi tí ọwọ́ òsì ń dì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu, kí wọ́n sì bá ìwé mu. Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé: ẹnu ìbọn ti jẹra, wọ́n wá lọ gbé ẹnu ìbọn ẹlòmíì sí i. Ó ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ti di méjì. Ti èkejì ni yanrìn. Ìpatà bo nọ́ńbà, ẹni tó fẹ́ mọ́ tótó fi pépà yanrìn họ ọ́ kúrò, lójú ọlọ́pàá ó ti di ìbọn tí wọ́n pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Òróró àti àkísà ni kí ẹ fi rọra nù ún.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ṣakabùlà tí wọ́n ti tún ìdí rẹ̀ ṣe kó lè gba katiríìjì. Kì í ṣe ìbọn kíkì láti ẹnu mọ́, ìwé ọdẹ kò sì bo irú ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwé kì í sọ igbó Ọ̀ṣun di igbó ìdẹgbẹ́ náà o. Ìlú tí ọdẹ bíi Tìmẹ́hìn bá wọn tẹ̀dó, wọn kì í yìnbọn nínú igbó yẹn.

Ọmọ Ọjà-Ọba:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ẹ ò tíì dáhùn ti ìbọn ogún.

Lọ́yà Òkè-Fíà:
Má bínú. Ìwé àṣẹ kì í ṣe ogún. Orúkọ bàbá ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí bàbá kú, ìbọn náà wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ láìníwèé. Kí wọ́n má gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí bí wọ́n bá dá wọn dúró lójú ọ̀nà, àlàyé á pọ̀. Kí wọ́n yọ ọta kúrò, kí wọ́n tì í mọ́ inú yàrá, kí wọ́n wá kọ lẹ́tà. Ẹ̀dà ìwé àṣẹ bàbá, ìwé ẹ̀rí ikú, àti nọ́ńbà ara ìbọn gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Alágbẹ̀dẹ ṣe ka ibi tó wà, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú lẹ́tà náà. Lẹ́tà ni wọ́n ó mú lọ, ìbọn á dúró nílé, kí ọlọ́pàá fúnra wọn sọ bí wọ́n ṣe máa wá gbà á sí ìpamọ́. Kí wọ́n gba ìwé pé wọ́n ti gbà á, kí òǹtẹ̀ àti déètì wà lórí rẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ ẹ lára wọn á wá fi orúkọ tirẹ̀ béèrè ìwé, ọlọ́pàá sì lè kọ̀ fún un. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ ẹ, ibi ìpamọ́ náà ni kí ó wà. Ìwé tí bàbá ní, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ wo ọdún tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti kú kí ẹni tó ni ín tó kú.