Ohùn Bíńgò ti ń padà: àbọ̀ tí mo ṣèlérí

Èmi ni mo béèrè lóṣù tó kọjá nípa Bíńgò ajá mi, ọmọ oṣù 5, tó máa ń la ẹnu gbó ṣùgbọ́n tó jẹ́ atẹ́gùn lásán ló ń jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n yẹ okùn ọrùn rẹ̀ wò, ẹ jàre. Ìka mi ò wọ abẹ́ rẹ̀ rárá! Irun ibẹ̀ ti re, awọ ara ti pọ́n. Ó ti dàgbà ju okùn náà lọ, mi ò sì fura. Ó dùn mí gan-an. Mo gé e lójú ẹsẹ̀, mo ra èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ àyà.

Dókítà ẹran kọ́kọ́ bi mí bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, torí àrùn yẹn náà máa ń yí ohùn ajá padà. Ó ti gbà á. Ó bá ikọ́ lára rẹ̀, ó fún un lóògùn ọjọ́ 7.

Oyin tẹ́ ẹ dábàá mú ikọ́ òru rọlẹ̀ díẹ̀, kò ran ohùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbó ketekete sí oníbúrẹ́dì lẹ́nu géètì. Omi bọ́ lójú mi. Ohùn ṣì máa ń há tó bá gbó pẹ́. Tí híhá náà kò bá lọ tán lóṣù yìí, dókítà á yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò. Ẹ ṣeun gan-an.