Re: Re: "Akọ́nimọ̀ọ́gbà" kẹ̀? (kóòṣì lakrọ́ọ̀sì ní fásitì Amẹ́ríkà)

Láti ọwọ́: Àjàní

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ti ka àpilẹ̀kọ tí Àkànbí fi ránṣẹ́ nípa àwọn kóòṣì lakrọ́ọ̀sì ní àwọn fásitì Amẹ́ríkà. N kò bá ìtàn inú rẹ̀ jà. Ohùn kan ṣoṣo ni mo bá ń jà. Ó ní wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù nínú eré yìí, ńṣe ni wọ́n ń gbà á sínú àwọ̀n tó wà lórí ọ̀pá. Nítorí náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí tọmọdé tàgbà mọ̀ kò tọ́ sí kóòṣì wọn, àfi kó di akọ́nimọ̀ọ́gbà. Dò ló fi rọ́pò mí. Kò tíì tán o. Ó tún so olórí mọ́ ọn níwájú: olórí-akọ́nimọ̀ọ́gbà. Ẹ jọ̀wọ́, gbígbà kí ni wọ́n ń kọ́ni? Ẹ jẹ́ kí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ kan pè é lórí rédíò n'Íbàdàn lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ wá wò ó bóyá awakọ̀ tó ń gbọ́ ọ kò ní rò pé ilé-ẹ̀kọ́ rìbá ni wọ́n ṣí.

Ẹni tó bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ dán an wò lẹ́nu. Gbà tí Àkànbí ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti tẹ̀ lé e báyìí, dò rẹ̀ ti di re: ó gba bọ́ọ̀lù, ó gba ife. Gbá ní tirẹ̀ kì í yẹ̀ níbikíbi. Bí a bá wá kọ akọ́nimọ̀ọ́gba-bọ́ọ̀lù lódindi, níbo ni dò tó ń torí ẹ̀ jà wà? Ó ti sá lọ. Bẹ́ẹ̀ gbá fúnra rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. À ń gbá ilẹ̀, à ń gbá ọmọ létí, à ń gbá tẹníìsì, kò sí ti ẹsẹ̀ níbẹ̀. Àti pé nínú lakrọ́ọ̀sì àwọn ọkùnrin, òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tó bá wà nílẹ̀. Ṣé Àkànbí mọ ìyẹn?

Olórí wá ńkọ́? Inú àpilẹ̀kọ tirẹ̀ náà ni n ó ti mú àpẹẹrẹ. Ní fásitì Syracuse, láti 1916 títí di 2021, ènìyàn mẹ́rin péré ló darí ikọ̀ ọkùnrin: Laurie Cox, Roy Simmons bàbá láti 1931, Roy Simmons ọmọ láti 1971, John Desko láti 1999. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Bàbá lo 40 ọdún, ọmọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó lo 28. Ọmọ yìí, iṣẹ́ ọnà ló kà ní fásitì, ère ló ń gbẹ́, síbẹ̀ ó gba ife NCAA (ìyẹn ife ìdíje àwọn fásitì Amẹ́ríkà) mẹ́fà kí wọ́n tó wọ́gi lé ti 1990. Desko ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀, ó ti ṣe igbákejì rẹ̀, kó tó di pé ó jókòó tó sì gba márùn-ún tirẹ̀. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ máa pè ní olórí? Olórí jẹ́ ti ẹbí àti ti kíláàsì. Níbi tí a bá ti ń kọ́ iṣẹ́, ọ̀gá là ń pe ẹni tó kọ́ni. Ọ̀gá mẹkáníìkì, ọ̀gá télọ̀. Ta ló gbọ́ olórí-télọ̀ rí?

Nílé-ẹ̀kọ́ girama tiwa, gémù máásítà ni. Ṣòkòtò pénpé funfun, fèrè lọ́rùn, ẹgba lọ́wọ́. Òun ló ń yan ikọ̀, òun ló ń bá wa sáré yí pápá ká, òun náà ló ń lọ bá bàbá ẹni nílé tí wọ́n bá ní oko lọmọ ń lọ lọ́jọ́ ìdíje. A kò bi í bóyá gbá ni tàbí gbà. Àwọn àgbà ìgbà yẹn mọ̀ pé ilé là á wò, wọn kì í sì í dá ọ̀rọ̀ láàárín òru kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò fi yangàn, àmọ́ ó yẹ kó já mọ́ nǹkan níbí.

Láti ọwọ́: Àkànbí

Ẹ̀gbọ́n wa, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ohun tí mo mọ̀ nípa àmì ohùn, ìdajì rẹ̀ ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, kíkọ́ni ní girama yàtọ̀ sí dídi ọ̀pá lakrọ́ọ̀sì mú.

Nínú eré yìí, aṣọ́lé nìkan ló lè fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Àwọn yòókù, inú àwọ̀n ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á máa mì ín jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe ń sáré kó má bàa bọ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún ọmọdé ṣe ni kó dojú kọ ògiri, kó máa ju bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, kó máa gbà á padà, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì, títí apá á fi máa ro ó. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ti ẹsẹ̀ tí ẹ mẹ́nu bà yẹn, òótọ́ ni pé òfin gbà á, ṣùgbọ́n kóòṣì wo ló ń rìnrìn-àjò láti ìlú dé ìlú lọ wá ọmọ tó mọ̀ ọ́n fẹsẹ̀ gbá?

Ní Northwestern, nígbà tí wọ́n tún ikọ̀ obìnrin gbé dìde ní 2002, kóòṣì wọn rí ìbejì kan tí wọ́n ń sáré ìdárayá nínú ọgbà fásitì. Wọn kò gbá eré náà rí láyé wọn (ẹ wò ó, gbá náà ni mo kọ yẹn, ẹnu ti mọ́ ọn lára, ìyẹn kò ní kó tọ̀nà). Ó ní kí wọ́n wá. Ní 2005, àwọn méjèèjì wà nínú ikọ̀ tó gba ife láìpàdánù ìdíje kankan. Kí ni obìnrin yẹn kọ́ Táyé àti Kẹ́hìndé? Gbígbá àbí gbígbà?

Rìbá tí ẹ sọ, ẹni tí etí rẹ̀ bá ń gbọ́ rìbá nínú gbogbo gbà, báwo ló ṣe ń gbọ́ ìgbàgbọ́? Báwo ló ṣe ń gbọ́ ìgbàlà? Akọ́nimọ̀ọ́gbá tiyín pàápàá kò ní bọ́ọ̀lù nínú. Kí ló dé tí ẹ fi ń so bọ́ọ̀lù mọ́ tèmi lọ́rùn kí dò mi lè kú?

Ó ku olórí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo Dave Pietramala. Ó gba ife pẹ̀lú Johns Hopkins ní 1987 nígbà tó wà lórí pápá, ó padà wá di kóòṣì níbẹ̀, ó gba ti 2005 àti ti 2007. Ní 2020 òun àti fásitì pínyà. Ó lọ ṣe igbákejì ní North Carolina, ó tún lọ ṣe é ní Syracuse, ọwọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Lójú àwọn tó mọ eré náà, ọ̀gá ni lánàá, ọ̀gá ni lónìí. Olórí ni kò jẹ́ mọ́. Ẹ rí i pé ọ̀tọ̀ lẹni tó mọṣẹ́, ọ̀tọ̀ lẹni tó wà lórí àga? Bí a bá pe gbogbo wọn ní ọ̀gá, báwo la ṣe fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin yìí?

Bill Tierney náà, igbákejì ni ní Hopkins tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Princeton ní sáà 1988. Wọn kò tíì gba ife NCAA kankan níbẹ̀ rí. Ó gba mẹ́fà fún wọn láàárín 1992 sí 2001. Nígbà tí gbogbo ayé rò pé ibẹ̀ ni yóò ti fẹ̀yìn tì, ó kó ẹrù rẹ̀ ní 2009, ó di Denver, ìlú tó jìnnà réré sí etíkun tí eré náà ti gbilẹ̀. Ní 2015 ó gba ife níbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ife àwọn ọkùnrin máa kọjá odò Mississippi sí ìwọ̀-oòrùn. Ó fẹ̀yìn tì ní 2023. Ní ọdún 2023 yẹn kan náà ni Kevin Corrigan gba ife rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Notre Dame, níbi tó ti wà láti sáà 1989! Ó tún gba ti 2024 lé e. Ọdún 34, wọn kò lé e. Ẹ bá mi wá kóòṣì kan nílé wa tí wọ́n máa fún ní sáà mẹ́ta.

Láti ọwọ́: Àbẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin bọ̀dá mi méjèèjì, ẹ kú àríyànjiyàn.

Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń ka lẹ́tà yín: bàbá, ọmọ, ọ̀gá, olórí. Nígbà tó kan obìnrin, ó di "kóòṣì wọn", ó di "obìnrin yẹn". Kelly Amonte Hiller lorúkọ rẹ̀. Ife mẹ́jọ ló gbà fún Northwestern: márùn-ún léraléra láti 2005 sí 2009, 2011, 2012, àti 2023. Ẹni tó kọ́ ọ náà lórúkọ, Cindy Timchal. Northwestern yìí náà ni Timchal wà títí di 1990, kó tó lọ sí Maryland. Ó gba ife mẹ́jọ ní Maryland, méje nínú wọn léraléra láti 1995 sí 2001, Amonte Hiller sì wà lórí pápá fún un ní méjì àkọ́kọ́ nínú méje yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ dá ikọ̀ obìnrin sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Annapolis. Kí Àkànbí fi kún àpilẹ̀kọ rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àfikún ìsàlẹ̀ ìwé.

Ẹ̀yin méjèèjì sì ń jà lórí ìparí ọ̀rọ̀ nígbà tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń jó. Àwọn ìwé ìròyìn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ti sọ akọ́ni di akọni lójú òǹkàwé, ọmọ tèmi tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà níbí sì kà á ní "akọ". Ó bi mí pé ṣé obìnrin kò lè ṣe é ni. Ẹ dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ ń wá, ìyá ìyá mi, ọmọ Ọ̀yọ́, tó bá fẹ́ ju ọsàn sí wa láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, "ẹ hán an!" ni yóò pariwo. Kì í sọ pé "ẹ gbà á", àfi tó bá nà án síni. Ohun tó bá ń bọ̀ láti òkè, híhán là ń hán an. Akọ́nimọ̀ọ́hán. Kò sí rìbá níbẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó dá "eré ọlọ́pàá-àwọ̀n" lábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá bí orúkọ fún lakrọ́ọ̀sì kò tíì dá mi lóhùn o. Ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá ti kọ ọlọ́pàá síbẹ̀, ẹni tó ń kà á á ti máa wá owó lápò. Lakrọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, àwọn Faransé ló fi orúkọ ọ̀pá sọ ọ́. Àwọn Haudenosaunee, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ni eré, ti ní orúkọ tiwọn: àwọn Mohawk tó wà lára wọn ń pè é ní tewaaraton, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fi ń pe àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù fásitì tó dára jù lọ láti 2001. Tí a bá máa yá ọ̀rọ̀ lò, ṣebí ọ̀dọ̀ onílé ló yẹ ká ti yá a.

Baltimore ni mo ń gbé, mi ò lè ṣàì sọ èyí náà. Morgan State, fásitì àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà níbí, ní ikọ̀ láàárín 1970 sí 1981. Chip Silverman ni kóòṣì wọn, Júù aláwọ̀ funfun tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní fásitì náà. Ní 1975 wọ́n lọ na Washington and Lee mọ́lé, fásitì tó ń jẹ́ orúkọ ọ̀gágun Lee tó jà fún àwọn tó ń kó ẹrú. Ẹ ṣì lè rí àgbàlagbà níbí tó lè sọ ọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àkànbí kò kọ ìlà kan nípa rẹ̀.

Láti ọwọ́: Àjàní

Àbẹ̀kẹ́, o kú ọpọlọ. Ti Morgan State yẹn, n kò gbọ́ ọ rí, kí Ọlọ́run bù kún ọ. Ṣùgbọ́n há ni, kì í ṣe hán. Aṣọ́lé há bọ́ọ̀lù. Ìyá àgbà rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, bóyá imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ará Ìlọrin tàbí ará Kétu kan bá wa dá sí i.

Láti ọwọ́: Àbẹ̀kẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi imú ìyá àgbà mi sílẹ̀. Hán ni.

Láti ọwọ́: Àkànbí

Mo ti fi Timchal àti Morgan State kún un, àǹtí. Akọ́nimọ̀ọ́gbà ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù kí n tó fi àpilẹ̀kọ náà ránṣẹ́ fún títẹ̀. Dom Starsia ṣe kóòṣì ní Brown, ó kọjá sí Virginia ní 1993, ó gba ife mẹ́rin níbẹ̀, ó kúrò ní 2016. Lars Tiffany gbá bọ́ọ̀lù fún un ní Brown, ó padà wá di kóòṣì ní Brown, nígbà tí Starsia sì kúrò ní Virginia, òun náà ló gba àga yẹn, ó gba ife 2019 àti ti 2021. Kòrónà ni kò jẹ́ kí wọ́n gbá ti àárín. Kí la ń pe Tiffany? Àrólé Starsia ni mo kọ.

Láti ọwọ́: Àjàní

Àrólé kẹ̀? Ṣé Starsia bí i ni? Arọ́pò ni. Ti Simmons ọmọ ni àrólé. Má sì fi olórí síwájú rẹ̀.